Ilé Pákó Oníyàrá Mẹ́ta ní Tryon: Bí Ilé Tí Wọ́n Bí Nina Simone Sí Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Wíwó

Ní òpin ọdún 2016, ilé kan wà lórí ọjà ní Tryon, ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Blue Ridge ní ìpínlẹ̀ North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé pákó ni. Yàrá mẹ́ta péré ló ní, gbogbo ààyè inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 650 níbùú-lóròó lọ. Kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ọnà kankan tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ sára òpó tàbí fèrèsé rẹ̀. Wọ́n gbé e lé orí òpó kúkúrú kí igi rẹ̀ má bàa kan ilẹ̀, wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ara rẹ̀ lọ́kan-lé-kejì, wọ́n fi òrùlé borí rẹ̀, ó tán. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ rà, ilé yẹn kò ní já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ ju ohun tí yóò san owó láti wó lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún katapílà. Kò sì tíì sí ìwé àdéhùn kankan lórí ilé náà nígbà yẹn tó lè so ọwọ́ ẹni tó bá rà á.

Inú ilé yìí ni wọ́n bí Eunice Kathleen Waymon sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1933, ọmọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Nina Simone. Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí bí àwọn kan ṣe rí ohun tí ojú ọjà kò rí lára ilé náà, ohun tí wọ́n ṣe kó má bàa pa run, àti ibi tí iṣẹ́ náà ti le. Èrò tèmi ni pé kíkéré ilé náà gan-an ni ọrọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún un ṣe títí tó fi dà bí ilé olówó, onítọ̀hún ti pa ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ rẹ́, ì báà jẹ́ pé gbogbo òpó rẹ̀ ṣì dúró.

Ìdílé Waymon

Ọmọ mẹ́jọ ni John Divine Waymon àti Mary Kate ìyàwó rẹ̀ bí. Eunice ni ìkẹfà. Bàbá ti gẹ irun fún àwọn èèyàn rí, ó ti fọ aṣọ fún àwọn oníbàárà rí, ó mọ orin, ó sì mọ eré ṣe. Ìyá jẹ́ oníwàásù nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì tún ń bá òyìnbó ṣe iṣẹ́ ilé. Láti ọdún 1929 ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn ní lónìí lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, pàápàá tó bá jẹ́ adúláwọ̀ ní gúúsù, níbi tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ti sọ ibi tó lè jókòó sí, ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ lè lọ, àti ẹnu ọ̀nà tó lè gbà wọlé. Tọkọtaya yìí àti àwọn ọmọ wọn ló wà nínú yàrá mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbàdúrà.

Orin kò sì wọ́n nínú ilé náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Eunice nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá orin ìsìn tó ti gbọ́ lórí dùùrù, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tí ìyá rẹ̀ ń wàásù fún. Obìnrin òyìnbó tí ìyá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ló gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó sì san owó kó lè lọ kọ́ ọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Muriel Mazzanovich, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ní Tryon. Arábìnrin yìí ló fi orin Bach, àgbà olórin ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, hàn án, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn ará ìlú dá owó jọ sínú àpò kan tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè, kó lè kàwé síwájú. Dúdú àti funfun ló dá owó náà, nínú ìlú tí wọn kì í ti í jókòó pọ̀.

Ìlú kan náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Eunice tó bí ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá, wọ́n ní kó wá tẹ dùùrù ní ilé ìkàwé ìlú kí àwọn tó dáwó lè gbọ́. Bàbá àti ìyá rẹ̀ múra, wọ́n lọ jókòó síwájú kí wọ́n lè rí ọwọ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn, kí òyìnbó lè jókòó síbẹ̀. Ọmọ náà dìde nídìí dùùrù, ó ní òun kò ní tẹ nǹkan kan àfi tí wọ́n bá dá àwọn òbí òun padà síwájú. Wọ́n dá wọn padà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí nígbà tó dàgbà, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú tí kò tíì rọlẹ̀.

Àwọn tó mọ Nina Simone mọ ibi tí ìbínú yẹn gbé e dé. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Asheville, ó lọ sí Juilliard, ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní New York, ní ọdún 1950, lẹ́yìn náà ó gbìyànjú láti wọ Curtis Institute, ilé ẹ̀kọ́ orin mìíràn ní Philadelphia, wọn kò gbà á. Títí ó fi kú ló gbà pé àwọ̀ òun ni wọ́n wò. Ní 1954 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nílé ọtí kan ní Atlantic City, ó sì yí orúkọ padà kí ìyá rẹ̀ oníwàásù má bàa mọ̀. Nígbà tí wọ́n pa Medgar Evers, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn adúláwọ̀, ní 1963, tí wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Birmingham lọ́dún kan náà tí àwọn ọmọdébìnrin mẹ́rin kú, orin rẹ̀ di ohùn ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀. Ó ṣí lọ, ó ṣí bọ̀: Mount Vernon ní New York, Làìbéríà, Switzerland, Netherlands, ilẹ̀ Faransé. Ní Faransé ló kú sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2003. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni Curtis ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní oyè ọlá.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbìyànjú

Kì í ṣe 2016 ni ẹni àkọ́kọ́ rántí ilé náà. Ní 2005, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé fún ìjọba ìbílẹ̀ Polk, tí Tryon wà lábẹ́ rẹ̀, fi owó ara rẹ̀ rà á. Ó ná ju 100,000 dọ́là lọ lórí àtúnṣe, ó ń wá irú ohun èlò tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ó fẹ́ kó di ibi tí àwọn èèyàn lè wá wò. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ilé náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọkùnrin yẹn yẹ ní ẹni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé pákó tí wọ́n bá pa tì fún ọdún mẹ́wàá péré, òjò àti ikán ti lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àtúnṣe tirẹ̀ ló jẹ́ kí ilé ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn tó tẹ̀ lé e lè rà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fi hàn pé ìfẹ́ ẹnì kan àti àpò ẹnì kan kò lè gbé irú ẹrù yìí. Ilé yàrá mẹ́ta kò lè mú owó wọlé tó ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ dá a tọ́jú ní láti jẹ́ ẹni tí owó kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà wá ilé rà ní apá ìlà-oòrùn Tryon, níbi tí àwọn adúláwọ̀ ń gbé.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́rin

Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, oníṣẹ́ ọnà adúláwọ̀ mẹ́rin pa owó pọ̀, wọ́n ra ilé náà ní 95,000 dọ́là: Adam Pendleton, Rashid Johnson, Ellen Gallagher àti Julie Mehretu. Kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ Tryon nínú wọn. Addis Ababa ni wọ́n bí Mehretu sí. Chicago ni Johnson ti wá. Wọn kò rà á láti gbé, wọn kò sì rà á láti tà. Wọ́n gbọ́ pé ilé náà lè di àwátì, wọ́n sì rí i pé ríra rẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọnà àti gẹ́gẹ́ bí aráàlú, lásìkò tí ìdìbò ọdún 2016 ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn rú ní Amẹ́ríkà.

Mo fẹ́ kí ẹ wo iye yẹn dáadáa. Àwòrán kan ṣoṣo láti ọwọ́ Mehretu lè tà ju 95,000 dọ́là lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po lórí gbàǹjo. Ilé tí ọ̀kan nínú àwọn akọrin tó lágbára jù lọ ní ọ̀rúndún ogún ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan dùùrù, ọjà kò fún un ní iye kan kọjá iye igi àti ilẹ̀ rẹ̀. Ọjà kò purọ́. Iye igi àti ilẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kà.

Kí ni wọ́n fẹ́ tọ́jú gan-an?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ilé àtijọ́ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn iye ilé. Ìwé àdéhùn Burra, tí àwọn ará Ọsirélíà ṣe ní 1979 tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti ń tẹ̀ lé, ní kí a wo ẹwà ilé, ìtàn rẹ̀, ìmọ̀ tí a lè rí kọ́ lára rẹ̀, ohun tó jẹ́ fún àwùjọ àti ohun tó jẹ́ fún ẹ̀mí àwọn èèyàn. Tó bá jẹ́ ẹwà ni, ilé Tryon kò ní gba ipò kankan. Kò sí ayàwòrán ilé tó lórúkọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ti ìmọ̀ yàtọ̀. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ilé àwọn ọ̀gá oníoko ńláńlá ló pọ̀ jù lára àwọn ilé tí wọ́n tọ́jú: òpó funfun, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì títẹ̀, àwo fàdákà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé àwọn tó ṣiṣẹ́ fún wọn, àti ti àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n jó, wọ́n jẹrà, tàbí kí ìjọba la títì gba orí wọn kọjá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti di ìwé tí kò ní ẹ̀dà kejì. Ó sọ bí wọ́n ṣe pín ààyè, ibi tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé, iye èèyàn tó lè sùn nínú yàrá kan. Kò sí ìwé ìjọba tó kọ ìyẹn sílẹ̀ tó bí ilé fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́.

Ti ìtàn ló ní wàhálà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Amẹ́ríkà ní ìwé orúkọ àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, tí òfin ọdún 1966 dá sílẹ̀. Nínú ìlànà ìwé yẹn, ibi tí wọ́n bí ẹni ńlá sí kì í sábà wọlé. Wọn á ní àfi tí ẹni náà bá ṣe pàtàkì lọ́nà tó tayọ, tí kò sì sí ibòmíràn tó bá iṣẹ́ tó ṣe nígbà tó dàgbà mu. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ yé mi: gbogbo olókìkí ni wọ́n bí síbì kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rántí ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí a tọ́jú ibi tí iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn ń ṣe àwọn tálákà níbi, láìmọ̀ọ́mọ̀. Ọlọ́rọ̀ ló máa ń ní ilé iṣẹ́, yàrá ìkọ̀wé, ilé ńlá tó fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. Akọrin adúláwọ̀ tó ń kọrin káàkiri ilé ọtí àti gbọ̀ngàn, tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn nítorí owó orí, nítorí ìkọ̀sílẹ̀, nítorí ìbínú, níbo ni a ó tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà? Nínú ọ̀ràn Nina Simone, mo rí i pé ilé tí wọ́n bí i sí jẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Inú ìdílé tó wà nínú yàrá mẹ́ta yẹn ni etí rẹ̀ ti là sí orin, ibẹ̀ ni ìyá ti ń gbàdúrà tí bàbá sì ń ṣe orin ayé nígbà tí ìyá bá jáde. Ó gbé ìwàásù àti orin ìsìn lọ sí gbogbo orí ìtàgé tó dé. Ìdílé náà kò pẹ́ nínú ilé yìí kí wọ́n tó kó lọ sí òmíràn nínú ìlú kan náà, mo mọ̀, ẹlòmíràn lè fi ìyẹn dín iye ilé náà kù. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọdún tí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kì í ṣe ọdún kékeré.

Ó ku ti àwùjọ. Ní 2010 wọ́n gbé ère Nina Simone kalẹ̀ láàárín ìlú Tryon, iṣẹ́ ọwọ́ Zenos Frudakis. Ère idẹ ni, ó jókòó níbi tó ti ń tẹ dùùrù. Ọkàn idẹ wà nínú àyà rẹ̀, díẹ̀ nínú eérú ara obìnrin náà sì wà nínú ọkàn yẹn. Ère dára. Ṣùgbọ́n àárín ìlú ni ère wà, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń kọjá. Ilé wà ní àdúgbò àwọn adúláwọ̀, nítòsí àwọn tí òbí wọn mọ ìdílé Waymon. Ẹni tó bá rí ère nìkan lè rò pé ìlú ló bí ọmọ yìí tó sì tọ́ ọ. Ẹni tó bá gun òkè dé ẹnu ilé náà yóò mọ apá ibi tí wọ́n fi àwọn òbí rẹ̀ sí nínú ìlú ọ̀hún.

Ìwé tó so ilé náà mọ́lẹ̀

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, National Trust for Historic Preservation kéde pé ilé náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìṣúra orílẹ̀-èdè. Àjọ aládàáni ni, òun ló sì dá àkànṣe àpò owó kan sílẹ̀ ní 2017 fún àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Ìkéde yẹn gba àfiyèsí àwọn ilé ìròyìn. Lójú mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020 ló ṣe pàtàkì ju ìkéde lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn onílé mẹ́rin náà fọwọ́ sí ìwé ìdáàbòbò ayérayé, wọ́n sì fi í sọ́wọ́ Preservation North Carolina, àjọ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe nìyí: onílé ṣì ni ilé rẹ̀, ó lè tà á, ó lè fi jogún, ṣùgbọ́n ó ti yọ ẹ̀tọ́ wíwó kúrò lára àwọn ẹ̀tọ́ tó ní. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀tọ́ yẹn kò sí nínú ohun tó rà. Àjọ tó di ìwé mú lè wá wo ilé, ó sì lè pe onílé lẹ́jọ́ tó bá rú àdéhùn. Ilẹ̀ ni àdéhùn náà so mọ́. Bí àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kú, kò yí padà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé tí orúkọ ilé bá ti wọ ìwé ìjọba, ó bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà: onílé tó ń ná owó ara rẹ̀ lè wó ilé tó wà nínú ìwé orúkọ orílẹ̀-èdè, tí kò bá sí òfin ìlú tàbí àdéhùn tó dí i lọ́wọ́. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Ilé Ilojo Bar ní Tinubu Square, l'Ékòó, tí àwọn tó ti Brazil bọ̀ kọ́ ní nǹkan bí 1855, ìjọba ti kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Ọgọ́ta ọdún ló fi wà nínú ìwé. Wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọdún kan náà tí ilé Tryon wà lórí ọjà. Àti títí di òní, ó ṣì ń dùn mí. Ilé tó níyì lójú òfin lọ, ilé pákó tí òfin kò mọ̀ dúró, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì ní àṣẹ láti sọ pé rárá.

Kì í ṣe nítorí àpẹẹrẹ nìkan ni mo fi dárúkọ Èkó. Nina Simone dé ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, ó wà lára àwọn olórin àti òǹkọ̀wé adúláwọ̀ tí AMSAC, ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbé àṣà Áfíríkà lárugẹ, kó wá láti Amẹ́ríkà, òun àti Langston Hughes, Lionel Hampton, Randy Weston, wọ́n sì ṣeré ní pápá ìṣeré King George V ní Erékùṣù Èkó. Ó ti ń kọ orin Babatunde Olatunji náà, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tó gbé ìlù wa lọ sí New York. Ọmọ ilé pákó Tryon ti jókòó nídìí dùùrù létí ọ̀sà wa.

Iṣẹ́ igi

Àwọn tó ń tún ilé pákó ṣe mọ̀ pé omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́; ikán àti ìjẹrà, ẹ̀yìn omi ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ irú ilé yìí fi gbé e sókè lórí òpó: kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ikán tó bá ń gun òpó sì hàn sójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ kí etí pákó òkè bo orí pákó ìsàlẹ̀, kí òjò lè ṣàn kọjá láìwọlé. Ohun tí àwọn baba wọ̀nyí ṣe kò kéré. Pẹ̀lú owó díẹ̀, wọ́n kọ́ ilé tó ń fa ọrinrin jáde fúnra rẹ̀.

Ohun tó máa ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù ni àtúnṣe tí kò gba èrò. Wọn á kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí ìdí ògiri títí yóò fi kan pákó. Wọn á fi símẹ́ńtì dí abẹ́ ilé. Wọn á fi ọ̀rá bo ara ògiri kó lè tutù tàbí kó lè móoru, omi á há sínú, igi á sì jẹrà níbi tí ojú kò tó. Ọ̀dà àtijọ́ náà ní ewu tirẹ̀, nítorí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lò ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ fi iná jó o tàbí kó fi ẹ̀rọ ha á láìdáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò.

Ìlànà tó tọ́ ni pé kí a ṣe gbogbo ohun tó pọn dandan, kí a má sì fi ọwọ́ kan ohun tí kò pọn dandan. Pákó tó bá jẹrà ní ìdí nìkan, ìdí yẹn ni kí káfíńtà gé, kó fi igi tuntun tó bá a mu so ó. Igi náà kò rọrùn láti rí. Páìnì tó ti pẹ́ nínú igbó ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ilé ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ó le, ó wúwo. Páìnì tí wọ́n ń gbìn lóko lónìí máa ń yára dàgbà, ara rẹ̀ sì rọ̀. Nítorí náà pákó àtijọ́ kan tó ṣì dára níyì ju mẹ́wàá tuntun lọ, àti pé ojú ìṣó inú rẹ̀, àpá ọwọ́ ẹni tó kọ́ ilé ni.

Ìṣòro kejì le ju ti igi lọ. Àwọn èèyàn yóò wá wo ilé náà. Àgbàlagbà tó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbọ́dọ̀ lè wọlé. Iná mànàmáná gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru nígbà òtútù gbọ́dọ̀ wà, ibi tí àlejò yóò ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá kó gbogbo ìyẹn sínú yàrá mẹ́ta, yàrá mẹ́ta kò sí mọ́. Èmi a ní kí wọ́n fi ohun gbogbo tó ṣeé fi síta síta, kí wọ́n fi páìpù pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀, kí àwọn àlejò díẹ̀ máa wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn yòókù dúró níta. Kí ó há mọ́ wọn. Híhá yẹn wà lára ohun tí wọ́n wá wò.

Owó, àti àwọn tó ń gbé àyíká rẹ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Pace Gallery tó ń ta iṣẹ́ ọnà, National Trust, Pendleton àti Venus Williams agbábọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ṣe gbàǹjo iṣẹ́ ọnà àti àsè ńlá kan ní New York. Owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Ní 2025 wọ́n kéde pé àtúnṣe ilé náà ti parí. Ẹ ṣírò rẹ̀: ilé tí kò tó 100,000 dọ́là lójú ọjà, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ó ti fa ohun tó lé ní àádọ́ta ìlọ́po iye rẹ̀ jọ, láìfi bíríkì kan kún un.

Inú mi dùn sí i, mo sì ní ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn tó di owó náà mú máa rántí. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kì í mọ sórí ilé kan. Tí àwọn àlejò bá ń dé, iye ilẹ̀ àdúgbò máa ń gbéra, owó orí ilé á tẹ̀ lé e, àwọn ìdílé tó ti wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtità. Yóò burú tó bá jẹ́ pé ilé Waymon nìkan ni yóò kù ní apá ìlà-oòrùn Tryon tí yóò máa sọ pé àwọn adúláwọ̀ gbé ibẹ̀ rí. Lára owó ìtọ́jú yẹn, ó yẹ kí díẹ̀ lọ sí òrùlé àwọn aládùúgbò tó ń jò, sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ náà ti tẹ dùùrù, sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ṣì lè sọ ẹni tó gbé ilé wo àti iṣẹ́ tó ṣe. Kí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé pákó yòókù ní òpópónà náà, kí wọ́n wọn yàrá wọn, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kọ́ wọn sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Kò sí olókìkí tí wọ́n bí sí púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn. Àwọn tó dá owó fún dùùrù Eunice, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, irú inú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti jáde wá.